Orí Ìyàwó Níta Gbangba

Ìtàn yìí kò ní ìjàpá nínú, kò sì ṣẹlẹ̀ láyé ìgbà tí ẹranko ń fọhùn bí ènìyàn. Ènìyàn gidi ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ ju ẹranko lọ. Ẹ jókòó dáadáa kí ẹ gbọ́ ọ.

Ní ojú ọ̀nà Ìrẹmọ ní Ilé-Ifẹ̀, bí ènìyàn bá ti Ẹnuwá sọ̀kalẹ̀ wá, onídìrí kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Àtọ́kẹ́. Obìnrin dúdú, tẹ́ẹ́rẹ́, ọmọ ọdún méjìdínlógójì. Bí Àtọ́kẹ́ bá ya ìlà sórí ènìyàn, ìlà náà á tọ́ bí ẹni fi okùn wọ̀n ọ́n. Bó bá di ṣùkú, ṣùkú á jókòó sórí bí adé. Ẹni tó bá dirun lọ́dọ̀ rẹ̀ lónìí, tó bá di ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ṣì ń bi í lójú ọ̀nà pé ta ló bá a dì í.

Irun dídì kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òwú àti òòyà lásán. Orí ni. Ẹni tó gbé orí rẹ̀ sáàárín orúnkún onídìrí ti gbé ìpín rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọmọ Yunifásítì gbà á, bí wọ́n tilẹ̀ ń ṣe bí ẹni tí kò gbà. Irun tó bá já sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń yà á, ẹni tó ni ín á ṣà á, á ká a, á mú un relé. Ti ìyàwó wá le jù. Ọwọ́ tó di irun ìyàwó, wọ́n ní ó ń bá a wọ ilé ọkọ ni, nítorí náà ọwọ́ tó tutù ni wọ́n ń wá. Ọdún mẹ́wàá gbáko, ọwọ́ Àtọ́kẹ́ ni ọwọ́ tó tutù ní àdúgbò náà.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pín sí méjì. Níwájú, lábẹ́ páànù tó yọ sójú títì, bẹ́ǹṣì gígùn kan wà fún àwọn tó ń dúró, àti àpótí kékeré kan fún ẹni tó ń dirun lọ́wọ́. Nínú, lẹ́yìn kọ́tìnì aláwọ̀ ewé, àpótí kejì wà fún àwọn obìnrin Mùsùlùmí tí wọn kì í ṣí orí sílẹ̀ lójú ọkùnrin. Aminah tó ń ta búrẹ́dì ló kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó ta kọ́tìnì náà. Ó ní, "Àtọ́kẹ́, orí tèmi kì í ṣe ohun tí ọlọ́kadà ń wò kó tó kọjá." Láti ọjọ́ náà, kálukú mọ ibi tó ń jókòó. Àwọn ẹlẹ́hàá wà nínú, àwọn tó kù wà níta, níbi tí òfófó ti ń dùn.

Báyìí ni nǹkan rí títí ọ̀rọ̀ rédíò fi dé.

Àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta kan ló fà á. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ń sọ ọ́ láàárín ara wọn pé ìyá kan fẹ́ mú wọn lọ sí Màlì. Iṣẹ́ irun ni wọ́n ń lọ ṣe níbẹ̀. Wọ́n ní irun orí ẹnì kan ṣoṣo ní Màlì tó owó ọ̀sẹ̀ kan ní Ifẹ̀. Òòyà bọ́ lọ́wọ́ Àtọ́kẹ́.

Ó ní, "Ẹ má lọ o."

Èyí tó dàgbà nínú wọn rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹ̀yin tí ẹ kò ré kọjá Ìbàdàn rí, kí lẹ mọ̀ nípa Màlì?"

Àtọ́kẹ́ mọ Màlì dáadáa. Ọ̀rọ̀ náà gan-an ni wọ́n fi mú òun náà kúrò nílé nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀ kan ni, obìnrin aláṣọ léèsì tó máa ń kúnlẹ̀ kí àgbà, tó ní òun fẹ́ ran ọmọ náà lọ́wọ́, tó ní iṣẹ́ irun ni. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, létí kòtò tí wọ́n ti ń wa góòlù, kò sí òòyà, kò sí òwú. Yàrá onípákó ló wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀dì kan, kọ́tìnì kan lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní ara rẹ̀ ni yóò fi san owó ọkọ̀ tó gbé e wá. Ọdún mẹ́rin ló fi san owó ọkọ̀ tí kì í tán. Ìyàwó awakọ̀ ajágbé kan ló fi í pamọ́ sáàárín àpò àlùbọ́sà títí wọ́n fi dé Sókótó. Nígbà tó wọlé ní Ifẹ̀, ìyá rẹ̀ kò bi í ní nǹkan kan. Ó gbé omi gbígbóná fún un, ó fi kànìnkànìn wẹ̀ ẹ́ látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀ bí ọmọ ọwọ́, ó wá jáde sí àgbàlá, ó sọ fún gbogbo agbo ilé pé, "Ọmọ mi ti kọ́ṣẹ́ irun dé." Ọdún mẹ́rìndínlógún rèé, ẹnikẹ́ni kò tún sọ ọ́ mọ́.

Nítorí náà, nígbà tí Ìmísí wá dirun, tó ń sọ pé òun àti ẹgbẹ́ òun tó ń gbógun ti títa àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ òkèèrè ń wá ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí i tí yóò bá àwọn ọmọdé sọ̀rọ̀ lórí rédíò, Àtọ́kẹ́ rí i pé òun ti la ẹnu, òun ti ní, "Mo mọ ẹnì kan."

Ìmísí jẹ́ ọmọ tó mọ̀wé, ara rẹ̀ yá gágá, ó sì ti mọ̀ pé Àtọ́kẹ́ fúnra rẹ̀ ni ẹni náà. Ó ní, "Àǹtí, ẹ kú oríire! Ẹ fọkàn balẹ̀, a ò ní dárúkọ yín. 'Arábìnrin Kan' la ó máa pè yín. Abdulsalam tó ń ṣe ètò náà, olóòótọ́ ènìyàn ni."

Lóòótọ́ ni, Abdulsalam kò sì dárúkọ. Àtọ́kẹ́ jókòó síwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn nílé iṣẹ́ rédíò, ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò fi dídùn kún un, kò fi kíkorò kún un. Ìgbà tó dé ibì kan ló wá gbaná jẹ. Ó ní:

"Ẹni tó tà mí, wọ́n fi oyè dá a lọ́lá nínú ìjọ rẹ̀. Àwọn tó rà mí, bàbá ni wọ́n ń jẹ́ nílé wọn, wọ́n ń dá ọmọ lẹ́kọ̀ọ́. Èmi tí wọ́n tà, tí wọ́n rà, èmi nìkan ni wọ́n wá orúkọ fún. Aṣẹ́wó! Ṣé èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá náà ni?"

Ibẹ̀ ni ẹkún ti gbà á. Abdulsalam sọ pé pẹ̀lẹ́, ó sọ pé pẹ̀lẹ́, ó bá ní kí àwọn olùgbọ́ pè wọlé. Ẹni àkọ́kọ́ tó wọlé, ìyá àgbà kan ni.

"Ọmọ mi, má sunkún mọ́. Ó tó."

Àtọ́kẹ́ gbé orí sókè. Ohùn ìyá rẹ̀ ni.

Abdulsalam sáré sọ̀rọ̀. "Ìyá wa, ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá tilẹ̀ mọ arábìnrin yìí, ẹ má dárúkọ o."

"Èmi? N ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni." Ìyá wúkọ́ díẹ̀, ó tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe. Ó wá bẹ̀rẹ̀. "Ọmọ Abógúnrìn, dákẹ́. Ọmọ a-jí-fẹ́ná-lójú-owú. Ọmọ ewìrì méjì tí í mí hẹlẹhẹlẹ bí abiyamọ tó gòkè. Ọmọ irin wọná, irin ò di eérú. Ọmọ ojúlé kẹta lẹ́yìn igi ọ̀dán, níbi tí ajá kì í ti í gbó àlejò..."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́!"

"Oríkì ni mò ń kì, ọmọ yìí! N ò dárúkọ. Ọmọ tó ń sunkún, ṣé ilẹ̀kùn títì ni wọ́n fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ni? Àkọ́bí ọmọ alágbẹ̀dẹ lóbìnrin, ọlọ́wọ́ òòyà, dákẹ́, dákẹ́."

Ó kù díẹ̀ kí ìyá ka iye fèrèsé. Kí ètò náà tó parí, kò sí ọmọ Ifẹ̀ kan tó jí láàárọ̀ ọjọ́ náà tí kò mọ ẹni tí Arábìnrin Kan í ṣe. Agbo ilé Abógúnrìn, ojúlé kẹta, ọlọ́wọ́ òòyà. Ta ló kù?

Nígbà tí Àtọ́kẹ́ délé, ìyá rẹ̀ ń gé ilá bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

"Ìyá, kí lẹ ṣe fún mi báyìí?"

"Mo gbọ́ ẹkún ọmọ mi."

"Wọ́n ní kí ẹ má dárúkọ!"

"Mo dárúkọ? Ta ló gbọ́ 'Àtọ́kẹ́' lẹ́nu mi?"

"Ìyá, ẹ ka ojúlé! Ẹ ka igi ọ̀dán!"

"Bí oríkì baba rẹ ṣe lọ nìyẹn. Ṣé kí n fò ó ni? Ẹni tó bá fo oríkì, ó ti bú ẹni tó ń kì." Ìyá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti gbé e há ọ̀nà ọ̀fun. Mo ní bí mo bá kì ọ́, wàá sunkún, n kò sì fẹ́ kí o sunkún. O wá lọ sunkún fún Abdulsalam. Èmi tí mo bí ọ ń kọ́?"

Àtọ́kẹ́ yí ẹ̀yìn padà. Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi ìrọ̀rí bo ojú, ó kígbe sínú rẹ̀.

Ó rò pé àwọn oníbàárà kò ní í wá mọ́. Wọ́n wá. Ìyẹn gan-an ló burú. Ẹni àkọ́kọ́ tó wá lọ́jọ́ kejì jẹ́ ìyá ìjọ kan tó máa ń pariwo orin lórí bẹ́ǹṣì títí alákàrà òdìkejì á fi bá a gbè é. Lọ́jọ́ náà kò kọrin. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Àtọ́kẹ́, ṣé kò sí àyè nínú?"

"Inú ṣókùnkùn, Mọ́mì. Àwọn ẹlẹ́hàá ló ń jókòó síbẹ̀."

"Ṣókùnkùn náà dáa. Oòrùn òde yìí ti pọ̀ jù fún mi."

Òjò sì ń ṣú lójú ọ̀run!

Ẹni kejì ní orí ń fọ́ òun, òun kò fẹ́ ariwo ọkọ̀. Ẹni kẹta ní aṣọ òun kò mọ́ tó fún òde. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ Ẹtì, gbogbo wọn ti di ẹlẹ́hàá lọ́sàn-án kan òru kan. Bẹ́ǹṣì ìta ṣófo débi pé ewúrẹ́ gun orí rẹ̀, ó sùn. Wọ́n fẹ́ ọwọ́ Àtọ́kẹ́, wọn kò kàn fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí wọn lábẹ́ ọwọ́ náà. Àtọ́kẹ́ rún un mọ́ra, nítorí ẹnu ń jẹ. Ó ń di irun nínú ṣókùnkùn, ó ń fi ọwọ́ wá ìlà bí afọ́jú.

Ọjọ́ Ẹtì náà ni Aminah dé. Ó ká kọ́tìnì, ó bá obìnrin márùn-ún tó há gádígádí sínú yàrá tí kò gbà ju méjì lọ, ìyá ìjọ tó tún padà wá pààrọ̀ irun sì wà nínú wọn.

"Subhanallah!" Aminah fọwọ́ lẹ́rán. "Nígbà wo ni gbogbo yín gba ẹ̀sìn? Ẹ káàbọ̀ o! Àwẹ̀ ń bọ̀, sàká ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí n lọ sọ fún Lèmọ́ọ̀mù pé èrò ti pọ̀."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n ti bá a parí yọ́ dìde, ó fi ìka kan sún kọ́tìnì díẹ̀, ó yọ ojú, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tó bọ́ síta.

Àtọ́kẹ́ mọ ìwò yẹn. Ọdún mẹ́rin ló fi dùbúlẹ̀ tó ń wo ẹ̀yìn ọkùnrin tó ń sún kọ́tìnì bẹ́ẹ̀, tó ń wo ọ̀tún, tó ń wo òsì, kó tó padà lọ jẹ́ ọmọlúàbí níta. Ó yọ ọwọ́ kúrò nínú irun tó wà níwájú rẹ̀.

"Ẹ dìde," ó ní.

"Kí ló dé?"

"Gbogbo yín. Ẹ dìde. Aminah, ìwọ jókòó." Ó fa kọ́tìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìmọ́lẹ̀ wọlé wá. "Yàrá yìí wà fún àwọn tó ń bo orí wọn nítorí Ọlọ́run. Kò sí fún àwọn tó ń bo ojú wọn nítorí èmi. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọwọ́ mi kan orí òun, kó gbé e wá síta níbí, níbi tó máa ń gbé e sí tẹ́lẹ̀."

"Àtọ́kẹ́, ìlàjì lo tíì dì fún mi o," ìyá ìjọ ní.

"Àpótí wà níta, Mọ́mì. Ẹ bọ́ síbẹ̀ kí n parí rẹ̀."

Ìyá ìjọ rò ó. Ó wo ìta, níbi tí alákàrà ti na ọrùn bí àgùnfọn. Ó mú gèlè, ó fi bo ìlàjì tí wọ́n ti dì àti ìlàjì tí wọn kò tíì dì, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Àwọn tó kù tẹ̀ lé e. Nígbà tí Aminah náà dirun tán tó sì lọ, ṣọ́ọ̀bù dá páropáro, tinú tòde.

Ní ọjọ́ Ajé, Ìmísí sáré dé tẹ̀ríntẹ̀rín. "Àǹtí, ẹ ti ṣe gudugudu méje! Àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta yẹn, méjì ti ní àwọn ò lọ mọ́!"

"Ẹnì kẹta ń kọ́?"

"Ẹnì kẹta... ó ṣì ń rò ó."

"Ó ṣì ń rò ó!" Àtọ́kẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì gbá orí. "Mo bọ́ra sí ìhòòhò níwájú gbogbo Ifẹ̀, ó ṣì ń rò ó!"

"Ẹ ṣe sùúrù, Àǹtí. Ojú tí àwọn ènìyàn fi ń wò yín máa yí padà díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin lajàjàbọ́ tí gbogbo..."

"Ìmísí, ajàjàbọ́ kì í jẹ ẹ̀bà ni? Wo bẹ́ǹṣì mi. Ewúrẹ́ ni oníbàárà tó kù fún mi, kò sì ní irun tó ṣe é di ṣùkú."

Ìmísí jókòó ti ewúrẹ́ náà.

Gbogbo ìrètí wá kù sórí ẹnì kan. Fisáyọ̀mi ni. Láti ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Àtọ́kẹ́ ti ń di irun rẹ̀, ìgbéyàwó rẹ̀ sì di ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ti dá fún irun láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Gbogbo àdúgbò sì ń ṣọ́ ọ. Bí orí Fisáyọ̀mi bá gba ibòmíràn lọ, á jẹ́ pé wọ́n ti dájọ́ náà tán, ọwọ́ Àtọ́kẹ́ kò tún ní í kan orí ìyàwó kankan mọ́ ní Ifẹ̀, ibi tí orí ìyàwó bá sì ti kọ̀, orí àwọn yòókù kì í pẹ́ tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Àǹtí Fúnlọ́lá dé. Òun ni ẹ̀gbọ́n ìyá Fisáyọ̀mi, òun ló tọ́ ọ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, obìnrin tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka lẹ́tà. Kò jókòó.

"Àtọ́kẹ́, o mọ̀ pé èmi ò ní nǹkan kan sí ọ."

"Mo mọ̀, mà."

"Ọ̀rọ̀ ayé ni. Orí ìyàwó ni a ń sọ yìí."

"Orí kan náà tí mo ti ń dì láti kékeré ni, mà."

"Nígbà yẹn, a ò mọ̀."

"Nígbà tí ẹ ò mọ̀, ṣé ọwọ́ mi tutù?"

Àǹtí Fúnlọ́lá tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Ó tutù. Mi ò lè purọ́."

"Ìgbà wo ló wá gbóná, mà? Ṣé rédíò ló yá a ni?"

"Má bá mi ṣe àròyé. Fisáyọ̀mi ní bí kì í bá ṣe ìwọ, òun á fá orí òun kodoro lọ síwájú ọkọ. O mọ agídí rẹ̀. Èmi náà sì ti rò ó." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Wá sílé wa lọ́jọ́bọ̀. Gba ẹ̀yìnkùlé, ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. A ó ti ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó máa rí ọ. Mo sì máa fi kún owó rẹ."

Àtọ́kẹ́ wò ó títí. Kì í ṣe ìbínú ló wà lójú rẹ̀, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni, bíi ti ẹni tó ń pọn omi sínú agbọ̀n.

"Àǹtí, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n máa ń gbé mi gbà fún ọdún mẹ́rin. Wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn. Wọ́n sì máa ń fi kún owó."

Àǹtí Fúnlọ́lá ta sẹ́yìn bí ẹni tẹ iná.

"Níta níbí ni, mà. Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá."

"Ìwọ ló mọ̀. Onídìrí pọ̀ ní Ifẹ̀, wọ́n sì pọ̀ ní Mọdákẹ́kẹ́." Ó bá tirẹ̀ lọ, bàtà rẹ̀ ń ró kò-kò-kò dé ìsàlẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ mọ́. Àtọ́kẹ́ gbálẹ̀ ìta, ó lé ewúrẹ́, ó fọ òòyà tó ti fọ̀ lánàá. Aago mẹ́sàn-án kọjá. Ta ló kọ́kọ́ dé? Ìyá rẹ̀ ni, tó ń fi ọ̀pá rìn, tó lọ jókòó sórí àpótí ìta gan-an.

"Di tèmi."

"Ìyá, irun yín ò kún ìkúùkù."

"Di èyí tó wà níbẹ̀. Ṣé o ń wá oníbàárà tàbí o ò wá?"

Àtọ́kẹ́ kó o, ó ń kùn. Ìyá sì ń kí gbogbo ẹni tó ń kọjá tagbáratagbára. "Ẹ kú àárọ̀ o! Ẹ ò rí mi? Mò ń dirun! Ọmọ mi ló ń dì í!"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹnu yín sinmi. Ẹnu yẹn ló kó wa síbí."

"Ṣé n ò gbọdọ̀ kí ènìyàn mọ́? Ẹ kú àárọ̀ o, alákàrà!"

Aago mẹ́wàá lù, kò sẹ́ni tó dé. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àtọ́kẹ́ sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò wo òpin títì, ó sì ń wò ó. Ìgbà tó kù díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù ni kẹ̀kẹ́ Márúwá kan dúró. Fisáyọ̀mi bọ́ sílẹ̀, irun rẹ̀ dúró gàngà lórí bí igbó ẹ̀bá odò, kò fi nǹkan bò ó.

"Àǹtí Àtọ́kẹ́, ẹ má bínú. Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ilé pamọ́ fún mi, fèrèsé ni mo gbà. Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde fún mi."

"Dìde lọ síbo? Wọn ò tíì parí tèmi."

"Ìyá!"

Ìyá dìde, ó ń kùn pé ìyàwó òde òní ò ní sùúrù. Fisáyọ̀mi jókòó sórí àpótí, ó kọ ojú sí títì. Àtọ́kẹ́ di orí rẹ̀ mú, ó ń fi òòyà yà á. Fisáyọ̀mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Mo gbọ́ yín lọ́jọ́ náà, n ò tíì mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Nígbà tí mo mọ̀, nǹkan kan ló wá sí mi lọ́kàn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí mo bá ti mú bisikíìtì tàbí rìbọ́nì tuntun wá síbí, ẹ máa ń di irun mi mú, ẹ ò ní jẹ́ kí n lọ. 'Ta ló fún ọ? Kí ló ní kí o ṣe?' Inú máa ń bí mi. Mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé onídìrí mi, ọlọ́pàá ni."

"Ta ló wá fún ọ ní èyí tó wà lọ́rùn rẹ yìí?" Àtọ́kẹ́ ní.

"Ọkọ mi ni!"

"Kí ló ní kí o ṣe?"

Fisáyọ̀mi bú sẹ́rìn-ín, Àtọ́kẹ́ sì fi òòyà gbá a lórí pé kó má mirí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìlà.

Kò tíì ya ìlà méjì tí Àǹtí Fúnlọ́lá fi dé lórí ọ̀kadà, ó ń mí gúlegúle. Kò kọ́kọ́ sún mọ́ wọn. Ó dúró ní òdìkejì lọ́dọ̀ alákàrà, ó ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ ra àkàrà, ó ń yọjú wò wọ́n. Ó wá rí ohun tí kò jẹ́ kó lè dúró mọ́. Irun Fisáyọ̀mi ń já bọ́ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ títì sì ń fẹ́ ẹ lọ, kò sì sí ará ilé kankan tó ń ṣà á. Ṣé a ó fi irun orí ìyàwó sílẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀ ọ̀nà ni? Ó sáré sọdá láìwo ọkọ̀. Ó lóṣòó, ó ń ṣa irun náà lọ́kọ̀ọ̀kan sínú áńkáṣíìfù rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, òṣìṣẹ́ ìjọba," ìyá Àtọ́kẹ́ kí i.

"Ẹ ṣé, mà," ó wa eyín pọ̀ dáhùn.

Nígbà tó ṣà á tán, kò lọ. Ó dúró gbọnyin sáàárín Fisáyọ̀mi àti títì, ó tú ìborùn rẹ̀, ó nà án bí ìyẹ́ àgbébọ̀ adìyẹ kí àwọn tó ń kọjá má bàa rí ojú ìyàwó. Bí ọkọ̀ bá gba òkè wá, á yí sí òkè. Bí ọ̀kadà bá gba ìsàlẹ̀, á yí sí ìsàlẹ̀. Àtọ́kẹ́ ń di irun lọ, ó ń pòṣé.

Bí wọ́n ṣe dé àárín orí ni Àǹtí Fúnlọ́lá bojú wẹ̀yìn.

"Ìlà yẹn wọ́."

"Kò wọ́, mà."

"Mo ní ó wọ́. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí òsì. Ṣé bí orí ìyàwó ṣe máa rí nìyẹn? Àwọn àna á rò pé a ò rówó ìdìrí san."

Àtọ́kẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. Ó wọ́ lóòótọ́. Àánú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣe é, inú sì bí i, ó gbé ojú sókè.

"Báwo ló ṣe máa tọ́? Ẹ̀yin lẹ dúró sójú oòrùn mi! Mò ń ya ìlà nínú òjìji yín láti àárọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kó tọ́, ẹ sún, kí ìmọ́lẹ̀ wọlé. Bí ẹ ò bá fẹ́ sún, ẹ jẹ́ kó wọ́ bẹ́ẹ̀ lọ síwájú àna."

Àǹtí Fúnlọ́lá wo títì. Ó wo ìlà tó wọ́ náà. Ó tún wo títì. Ènìyàn á rí ọ̀rọ̀ méjì tó ń bá ara wọn jà lójú rẹ̀: kí wọ́n rí ìyàwó lábẹ́ ọwọ́ Àtọ́kẹ́ lónìí, tàbí kí àwọn àna rí ṣùkú wíwọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

"Tú u," ó ní. Ó ká ìborùn rẹ̀ mọ́ra, ó fi ẹsẹ̀ kan sún, ó tún fi èkejì sún. Oòrùn ya wọlé sórí Fisáyọ̀mi.

Àtọ́kẹ́ tú u, ó fi ẹnu òòyà ya ìlà tuntun. Obìnrin méjì tó gbé igbá tòmátì bọ̀ láti Ẹnuwá dúró, wọ́n wò, wọ́n fọwọ́ kan ara wọn. Èyí tó dàgbà nínú wọn gbé ohùn sókè.

"Ẹ kú ìnáwó o, ìyá ìyàwó! Ọlọ́run á jẹ́ kó yẹ wọ́n."

Àǹtí Fúnlọ́lá tún ìborùn rẹ̀ gbé léjìká. Gbogbo òpópó kọ ojú sí i, wọ́n ń retí ohun tó máa sọ.

"Àmín o," ó ní. "Ẹ ṣé. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, ẹ máa bọ̀." Ó wá yíjú sí Àtọ́kẹ́, ó nàka. "Ẹ̀gbẹ́ etí ọ̀tún ńkọ́? Má sọ fún mi pé ìyẹn náà, òjìji mi ni."